Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí A Kọ Sílẹ̀ Láìsọ Fún Un

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọ yẹn ní ìmọ̀ràn kankan o. Ẹ kàn gbàdúrà fún un, kí ẹ sì dákẹ́."

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi, Rísíkátù, sọ fún mi lórí tẹlifóònù ní Sátidé tó kọjá nìyẹn. Ohun tó fà á ni pé obìnrin kan tí a jọ ń kírun níbí sọ fún mi pé ọmọkùnrin òun ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nílé, ó sì ń wá iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì ìlú òyìnbó. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbálẹ̀ ní yunifásítì, kí n jọ̀wọ́ kọ ohun tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ fún òun. Mo sọ ọ́ fún Rísí gẹ́gẹ́ bí ìròyìn lásán. Ó wá sọ ohun tí mo kọ sókè yìí. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ara ì bá tù mí.

Ìkìlọ̀ ọmọ sí ìyá rẹ̀ ni, mo sì gbọ́. N kò fún obìnrin náà ní ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n mo pinnu pé màá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa sílẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Fọ́ọ̀mù fáìfù ni mo kàwé dé. N kò mọ iṣẹ́ ìwádìí. Kíka ẹrù ni mo mọ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ka ẹrù ní Wáàfù Àpápá. Tálì kílákì ni wọ́n ń pè wá. Bí wọ́n bá ń já ẹrù láti inú ọkọ̀ òkun, màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kírénì pẹ̀lú bébà àti bírò, màá fa ìlà mẹ́rin, màá fi ìkarùn-ún dá wọn ní ìbú. Bí ìwé ọkọ̀ bá sọ pé irinwó àpò ló wà níbẹ̀, tí mo sì ka irinwó ó dín ọ̀kan, n kò ní fọwọ́ sí i, ì báà ṣe ọ̀gá àgbà ló dúró lé mi lórí. Ní Ajégúnlẹ̀ ni a ń gbé, lẹ́yìn ọjà Bọ́ńdírì, nínú ilé oníyàrá mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti ń sọ èdè méje, tí gbogbo wa sì ń fi Píjìn bú ara wa. Ọkọ mi ń wa tírélà. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan wà tí à ń pè ní Bùrọ̀dá Láńre. Iṣẹ́ wọn ni láti máa bá àwọn ọlọ́jà gba ẹrù jáde ní Wáàfù. Ní ọjọ́ kan, kọ̀ǹténà ẹja dídì kan tí wọ́n ti ń lé kiri fún oṣù kan gbéra, ó ń lọ sí géètì. Inú mi dùn sí wọn. Mo ké láti ìdí kírénì: "Bùrọ̀dá Láńre, ẹ kú oríire o! Ẹja yín ti jáde!" Kò tíì jáde. Ó ku géètì kan. Ẹnìkan tó gbọ́ mi lọ sọ fún ẹlòmíràn, àṣẹ sì dé pé kí wọ́n dá kọ̀ǹténà náà padà fún àyẹ̀wò kejì. Wọ́n yọ wáyà iná rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yáàdì.

Bùrọ̀dá Láńre kò bú mi. Wọ́n wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní: "Ìyàwó wa, ẹrù tí kò tíì kọjá géètì, a kì í dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe fún ọ̀rẹ́, kì í ṣe fún ọ̀tá. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá ló mọ òfin yìí. Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi wọ mí lára ju gbogbo wọn lọ.

Nígbà tí ọkọ mi kú, tí ilé iṣẹ́ wa sì dá ìdajì wa dúró, Rísí wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Mo fi Ajégúnlẹ̀ sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Bí mo ṣe rìn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí níbí kì í ṣe òtútù. Ìkíni ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní lẹ́nu iṣẹ́, mo kúnlẹ̀ kí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àwa agbálẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ó fò sẹ́yìn. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó di apá mi mú, ó ń ké pé kí wọ́n bá mi bu omi wá. Nígbà tí mo dìde tán, ó fi orúkọ àbísọ mi pè mí, orúkọ tí ìyá ọkọ mi pàápàá kò fi pè mí mọ́ láti ọjọ́ tí mo bí Rísí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pè mí ní Ìyá Rísí mọ́, àfi ní ọjọ́ Sátidé.

Ní Ajégúnlẹ̀, bí mo bá wúkọ́ nínú yàrá mi, ènìyàn mẹ́ta ni yóò béèrè ohun tó ṣe mí láti ẹ̀yìn ògiri, ìkẹrin yóò sì ní kí n yé ko wọ́n ní ikọ́. Ní ọdún kejì mi níbí, mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ìwádìí tí mo ń gbá. Ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, n kò lè dìde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá. Olúkúlùkù wọn ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, wọ́n sì ń gbé ẹsẹ̀ wọn kọjá lórí páìlì omi mi. Mo kà wọ́n. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló kọjá kí ẹnìkan tó dúró.

Ẹni tó dúró ni Júdì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni obìnrin náà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ ń pè é ní Júdì lásán. Ẹ̀rù máa ń bà mí bí mo bá gbọ́ ọ, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fọ́ nǹkan. Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ẹja àti àwọn ẹ̀dá inú omi mìíràn. Yàrá mẹ́rìnlélógún ni mò ń gbá nínú ilé náà, yàrá rẹ̀ sì ni ìkejìdínlógún. Àwọn àpótí dígí tó kún fún omi àti ẹja wà lára ògiri.

Bí mo bá ń gbálẹ̀ níbẹ̀, mo máa ń ka ẹja. Kò sí ẹni tó rán mi, ojú mi ló máa ń kà wọ́n fúnra rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àpótí kẹta tó máa ń ní ogójì ẹja ní méjìdínlógójì, méjì léfòó. Mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà ti kú. Mo sáré lọ pe Júdì láti ibi tó ti ń so kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ irin níta. Ó gba méjìdínlógójì là. Ó ní ọdún mẹ́ta iṣẹ́ òun ni mo gbà là yẹn. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Tọ́sìdeè, bí mo bá dé yàrá rẹ̀, a óò jókòó mu tíì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń sọ nípa ọgbà rẹ̀, èmi ń sọ nípa Wáàfù. N kò sọ̀rọ̀ ọmọ mi fún un rí. Mo ń retí kí ọ̀rọ̀ ọmọ mi dára tán ná.

Ọ̀rọ̀ Rísí sì ń dára. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé. Akàn ló ń wádìí, àwọn akàn inú omi dúdú tó ń ṣàn láti ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí ní Àpápá wá sí ẹ̀yìn ilé wa ní Ajégúnlẹ̀. Àwọn ará ilé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá kan tó jẹ́ ará Wàrì máa ń béèrè pé: "Risi, dis crab wey you dey write book for, you no go cook am?"

Ọ́fíìsì Bùrọ̀dá Láńre ní ojú ọ̀nà Wáàfù ni mo máa ń pè, torí wọ́n ní tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́. Ní aago mẹ́wàá gééré ní ọjọ́ Sátidé, Rísí yóò ti dé láti Ajégúnlẹ̀. Bùrọ̀dá Láńre ló máa ń kọ́kọ́ gbé e.

"Ìyàwó wa! Ṣé yìnyín ò tíì pa ọ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Kò tíì pa mí o, Bùrọ̀dá."

"Má jẹ́ kó pa ọ́ o. Ẹja dídì kan ti tó mi láyé. Gba ọmọ rẹ."

Lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ ohùn rẹ̀, màá sì di Ìyá Rísí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọdún méje ni oyè náà gbà. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́, títì tí ìjọba ológun ń ti yunifásítì, àti ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu ìwádìí, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó máa ń mú kó tún nǹkan kan náà kọ lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọn ló fà á. Mo kórìíra ọkùnrin náà láìrí i rí. Nígbà tí ó gba oyè náà tán, kò sí iṣẹ́ nílé. Wọ́n ṣèlérí fún un pé yóò máa kọ́ni ní ẹ̀ka wọn, ọ̀gá rẹ̀ náà ló sì wà nídìí ìlérí yẹn.

Ní ọjọ́ Tusideè kan, mo rí ìwé kan lára pátákó ìkéde tó wà ní àjà kẹta. Àwọn ìwé iṣẹ́ ni wọ́n máa ń lẹ̀ síbẹ̀, fún àwọn tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fẹ́ ṣèwádìí lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó dá dúró. Pósídọ́kì ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń nu gíláàsì pátákó náà, mo sì máa ń ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí wá láti ọ̀dọ̀ Júdì. Ọdún méjì, lórí àwọn ẹ̀dá inú omi tí epo ti bà jẹ́ ní àwọn èbúté ilẹ̀ olóoru.

Mo gbé páìlì sílẹ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé mi, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, àmì sí àmì. Lẹ́yìn náà mo tún kà á lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo fo nǹkan. N kò fo nǹkan kan. Ìlà kejìlá sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà kọ orúkọ ènìyàn mẹ́ta tó lè jẹ́rìí sí i, yunifásítì yóò sì kọ̀wé sí àwọn ẹlẹ́rìí náà fúnra rẹ̀.

N kò lè sùn títí di Sátidé. Kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni mo rí nínú ìwé yẹn. Mo rí ọmọ mi nínú yàrá kejìdínlógún. Mo rí i tí ó ń gun àtẹ̀gùn tí mo ti gbá.

"Mọ́mì," ni Rísí wí lẹ́yìn tí mo ka gbogbo rẹ̀ fún un tán, "èmi gan-an ni wọ́n kọ ọ́ fún!" Ó pariwo sí etí mi. Mo gbọ́ tí Bùrọ̀dá Láńre ń bi í pé ta ló kú. Lẹ́yìn náà ó ní: "Ọ̀gá mi gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Màá lọ bá wọn ní Mọ́ńdè."

"Kí o lọ bá a ṣe kí ni?"

"Kí n sọ fún wọn ni. Yunifásítì yẹn á kọ̀wé sí wọn."

"Bí wọ́n bá kọ̀wé sí i, á kà á. Ṣé kò mọ̀wé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì! Wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Èèyàn á lọ kúnlẹ̀, á sọ fún wọn tẹ́lẹ̀."

"Rísíkátù, ọdún mélòó lo lò lábẹ́ ọkùnrin yìí?"

"Méje."

"Mélòó ló yẹ kó jẹ́?"

Èmi náà ni mo dá ara mi lóhùn.

"Mẹ́rin," ni mo wí. "Ẹni tó jí ọdún mẹ́ta rẹ ni o fẹ́ lọ kúnlẹ̀ sọ fún pé o ń lọ?"

"Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ló gba méjì nínú ẹ̀, Mọ́mì. Kì í ṣe ọ̀gá."

"Ta ló gba ìkẹta? Fetí sí mi. Ẹrù tí kò tíì kọjá géètì, a kì í dárúkọ rẹ̀. Kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí o fi ìwé ránṣẹ́. Ìgbà tó bá rí lẹ́tà ni kó tó mọ̀. Kò ní ráyè ṣe nǹkan kan mọ́."

"Wọ́n máa bínú."

"Wàá ti wà lọ́dọ̀ mi kó tó bínú tán."

Bùrọ̀dá Láńre gba fóònù. "Ìyàwó wa, òótọ́ lo sọ. Ẹnu la fi pa ẹja mi." Wọ́n dá fóònù padà fún un. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, pé ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Wáàfù. Nígbà náà ni mo sọ ohun tí mo sọ. Mo ní bí ó bá sọ fún ọkùnrin yẹn, kó má pè mí ní ìyá rẹ̀ mọ́.

Ó ní: "Ó dáa, Mọ́mì."

Kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Kò sì sọ fún àwọn ẹlẹ́rìí méjì yòókù, nítorí mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà kò sọ fún Júdì. Tọ́sìdeè márùn-ún ni a fi mu tíì láàárín ìgbà tí ìwé Rísí dé àti ọjọ́ tí wọ́n pe àwọn tí wọ́n fẹ́ rí. Mo jókòó sí iwájú obìnrin tó ní iṣẹ́ náà, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ nípa òjò. Orúkọ bàbá mi ni mò ń jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ bàbá rẹ̀ ni Rísí ń jẹ́, Júdì kò lè mọ̀. Mo tún ní ẹ̀rù mìíràn tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá mọ̀ pé ọmọ agbálẹ̀ ni, wọ́n á fojú agbálẹ̀ wò ó.

Ní Wẹ́sìdeè kan, wọ́n ní kí n to kọ́ọ̀pù sí yàrá ìpàdé. Mẹ́ta fún àwọn tó ń bèèrè ọ̀rọ̀, mẹ́rin fún àwọn tó wá nítorí iṣẹ́ Júdì. Mo rí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí wọ́n ṣe ń wọlé. Mo sọ fún ara mi pé ti Rísí jìnnà, pé wọ́n á fi tẹlifóònù bá a sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fọ kọ́ọ̀pù méje.

Ní ọjọ́ kejì, Júdì bu tíì fún mi, ó sì mí kanlẹ̀.

"A ti mú ẹnìkan," ló wí. "Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ọmọbìnrin kan kọ̀wé láti Èkó, lórí akàn. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tó tirẹ̀. A kọ̀wé sí àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ mẹ́ta. Méjì kò dáhùn. Ìkẹta jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó fi ìlà kan péré dá wa lóhùn: òun kò mọ ohunkóhun nípa ìwé yìí. Àwọn yòókù ní bóyá ayédèrú ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní láti Èkó, ṣebí o mọ..." Ó rántí ibi tí mo ti wá. Ojú rẹ̀ pọ́n fún ìtìjú.

"Ọmọ mi ni," ni mo wí.

"Ta ni?"

"Ọmọbìnrin Èkó yẹn. Èmi ni mo bí i. Èmi ni mo ní kó má sọ fún ọ̀gá rẹ̀."

Ó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Ǹ bá ti pè é. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

"Ṣé ó ṣì ṣeé ṣe?"

"A fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹni tí a mú láàárọ̀ yìí."

Lẹ́yìn náà ó wò mí, kì í ṣe bó ṣe máa ń wò mí tẹ́lẹ̀. Ó rọra bi mí pé: "Ṣé lóòótọ́ ni pé ọmọ rẹ ni?"

N kò lè bínú sí i. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń wo àwọn awakọ̀ ní Àpápá nígbà tí wọ́n bá ní kí n gbà wọ́n gbọ́, pé irinwó ló pé. N kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ láìkà á. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi ni. Mo mú ìgbálẹ̀, mo lọ sí yàrá kọkàndínlógún. A kò mu tíì mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe pé ó lé mi. Èmi ni n kò jókòó mọ́.

Ní Sátidé, Bùrọ̀dá Láńre kò ṣe àwàdà kankan. Wọ́n kàn gbé fóònù fún un.

"O ti gbọ́?" ni mo bi í.

"Ọ̀gá mi ti pè mí, Mọ́mì. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn."

"O kò sọ fún mi."

"Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ tààrà bí ẹni tó ń ka ìwé. Ọ̀gá náà ní kó ka lẹ́tà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè níwájú gbogbo àwọn tó wà ní ọ́fíìsì. Ó ní: "Rísíkátù, ta lò ń sá fún? Ṣé olè ni mí?" Rísí kúnlẹ̀. Ọ̀gá náà ní kó wà lórí eékún títí òun á fi parí ohun tí òun ń kọ.

"Ó pẹ́ tó bíi wákàtí kan?" ni mo bi í. N kò mọ ìdí tí mo fi bèèrè.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ ka ìyẹn náà ni?"

Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní nígbà tí ọ̀gá náà kọ̀wé tán, ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú lẹ́tà kan jáde. Lẹ́tà ẹ̀rí Rísí ni. Ó ti kọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tí Rísí gba oyè, ojú ìwé méjì, ó sì ti fọwọ́ sí i. Ó ń retí kó wá tọrọ rẹ̀ ni, bí ọmọ ṣe ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ bàbá. Ó jẹ́ kó ka ìlà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó fà á ya.

"Kí ni ìlà náà sọ?" ni mo bi í.

"Kò wúlò mọ́, Mọ́mì."

Iṣẹ́ kíkọ́ni tí wọ́n ṣèlérí fún un bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Rísí jókòó sí Ajégúnlẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì nípa egungun ẹja. Ó ṣì máa ń wá sí Àpápá ní ọjọ́ Sátidé. Bí mo bá bi í pé báwo ni, á ní dáadáa. Bí mo bá bi í pé kí ló ń ṣe, á ní kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wa di mẹ́wàá, ó di mẹ́rin. Mo mọ̀ torí mo ń wo aago.

Ó tó nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà tí mo pè, tó jẹ́ Bùrọ̀dá Láńre nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ìyàwó wa," ni wọ́n wí. "Rísí ti lọ. Tusideè ló wọ ọkọ̀ òfuurufú."

"Ó lọ síbo?"

Wọ́n dárúkọ orílẹ̀-èdè kan. Kì í ṣe èyí tí mo wà. Wọ́n ní irú iṣẹ́ yẹn náà ni, ọdún mẹ́ta, lórí akàn. Wọ́n ní Rísí ti padà lọ bá ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ó tó dá a lóhùn, pé lẹ́ẹ̀karùn-ún ó ní kó dìde, kó jókòó, ó sì kọ lẹ́tà tuntun. Wọ́n ní gbogbo ilé tí a ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ ló ṣàdúrà fún un kí ó tó lọ síbi tí wọ́n ti bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ìyá ará Wàrì se akàn.

"Ẹ̀yin náà mọ̀?"

"Ó wá sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyàwó wa. Mo ní kó sọ fún ọ. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí ó tó pè mí. N kò bá a jà. Mo kàn bi í ní ìdí. Ó ní: "Ẹ̀rù bà mí, Mọ́mì. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá gbọ́, ẹ ó ní kí n dákẹ́, màá sì gbọ́ tiyín."

Mo ti ń gbé níbí pẹ́ tó láti mọ̀ pé n kì í ṣe ará ibí. Ìwé ìgbélùú mi péye, mo san ohun gbogbo tó yẹ kí n san, ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè mi bí n kò bá wá síbi iṣẹ́ ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún ara mi pé mo ní Ajégúnlẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti pàdánù ìyẹn náà. Ilé ni ibi tí wọ́n ti ń sọ nǹkan fún èèyàn kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló gbé lẹ́tà ọmọ mi lé ọwọ́ Ọlọ́run, bí mo ṣe kà wọ́n lẹ́yìn náà, yàrá kọ̀ọ̀kan ẹnìkan. Èmi tí mo bí i kò sí nínú wọn.

Rísí ń pè mí báyìí. Ó máa ń pè, kò sì fi nǹkan kan hàn pé inú ń bí i. Ó máa ń sọ ohun tó ti kọjá fún mi. Ohun tó ń bọ̀, n kì í gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ka ìwé yìí, ohun kan péré ni mo ń bẹ̀ yín fún. Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láti jẹ́rìí sí òun, ẹ jẹ́ kó lọ bá ẹni náà kó tó fi ìwé ránṣẹ́. Kó sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́ fún un, kó sọ orúkọ yunifásítì náà, kó sì sọ ọjọ́ tí wọn kò ní gba ìwé mọ́. Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn ni, ẹ ṣì jẹ́ kó lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a dúró.